Egbò Lè Jinná, Kí Oríkèé Sì Gan

Ìtọ́jú apá àti ẹsẹ̀ fún àwọn tí ó ní egbò Bùrúlì ní Pobè àti Sakété

Ní ilẹ̀ Yorùbá, oríkèé ara kì í ṣe ohun kékeré. Orúnkún ni obìnrin fi ń kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ àti èjìká ni ọkùnrin fi ń dọ̀bálẹ̀ kí bàbá rẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ni àgbẹ̀ fi ń mú ọkọ́, òun náà ni alásè fi ń ro ọkà. Ní agbègbè Pobè, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀pẹ láti ọdún 1922, gbogbo ẹni tí ń gun ọ̀pẹ ló mọ̀ pé orúnkún tí kò ká dáadáa kò lè gbé ènìyàn dókè. Ọrùn ẹsẹ̀ tí kò dúró ṣinṣin sì lè gbé e ṣubú.

Àrùn kan wà ní agbègbè Ouémé àti Plateau tí ó lè gba oríkèé lọ́wọ́ ènìyàn. Egbò Bùrúlì ni wọ́n ń pè é. Ó lè wà lára fún ọ̀pọ̀ oṣù. Oògùn rẹ̀ wà, egbò náà sì ń jinná. Síbẹ̀, àwọn kan wà tí egbò wọn jinná tán, tí apá wọn kò lè nà mọ́. Àwọn mìíràn wà tí orúnkún wọn ń yẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Wọ́n tọ́jú egbò, ṣùgbọ́n wọn kò tọ́jú oríkèé tó.

Iṣẹ́ méjì ni ìtọ́jú egbò Bùrúlì. Èkíní ni pípa kòkòrò tí ó fa egbò. Èkejì ni mímú kí oríkèé máa ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí tí ara yóò fi padà bọ̀ sípò. Ẹni tí ó bá ṣe ọ̀kan tí ó fi ìkejì sílẹ̀ kò tíì parí ìtọ́jú.

Àrùn tí kì í dunni ní ìbẹ̀rẹ̀

Kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fa egbò Bùrúlì. Mycobacterium ulcerans ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó bá kòkòrò tí ń fa ẹ̀tẹ̀ àti èyí tí ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ tan. Ní ọdún 1948, àwọn dókítà ní Ọsirélíà kọ ìwé nípa kòkòrò náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Orúkọ tí a ń pe àrùn náà lónìí wá láti agbègbè Bùrúlì ní ilẹ̀ Ùgáńdà, níbi tí ó ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àwọn ọdún 1960. Lónìí, ó ti hàn ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 30. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wà lára ibi tí ó ti pọ̀ jù.

Àwọn tí ń gbé nítòsí irà, àbàtà àti odò tí kò ṣàn kíákíá ni àrùn náà sábà máa ń mú. Kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn bí ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣe ń ràn. Nítorí náà, kò sí ìdí láti sá fún ẹni tí ó ní i. Kò sí ìdí láti ya àwo oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́. Kòkòrò ni.

Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi kókó kékeré lábẹ́ awọ. Nígbà mìíràn, awọ ara yóò le ní ojú kan, tàbí kí apá tàbí ẹsẹ̀ wú. Kì í sábà dunni. Kì í sábà mú ibà wá. Ìdí ni pé kòkòrò náà ń tú májèlé kan jáde tí ń pa ẹran abẹ́ awọ, tí kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn mọ ìrora náà. Lẹ́yìn náà ni awọ yóò bẹ́, tí egbò yóò sì hàn. Egbò náà ń jẹ lọ lábẹ́ awọ, débi pé èyí tí ó wà nísàlẹ̀ máa ń fẹ̀ ju èyí tí ojú rí lọ. Bí ó bá pẹ́ jù, ó lè dé inú eegun.

Àìdunni yìí ni ẹ̀tàn rẹ̀. Ẹni tí kókó kan kò dùn kì í fi oko sílẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wí pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kókó kékeré tí a tètè tọ́jú lè lọ láìfi àbùkù kankan sílẹ̀ lára. Egbò ńlá tí ó ti yí orúnkún ká yóò fi àpá sílẹ̀, bó ti wù kí oògùn náà dára tó.

Ohun tí wọ́n ti rí ní Pobè

Ní ọdún 2003, ilé ìtọ́jú kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Pobè fún àwọn tí ó ní egbò Bùrúlì. Fondation Raoul Follereau ni ó ràn án lọ́wọ́. Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni Raoul Follereau, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ jà fún ẹ̀tọ́ àwọn adẹ́tẹ̀ kí ó tó kú ní ọdún 1977. Kì í ṣe àwọn ará Pobè àti Sakété nìkan ni wọ́n ń gba ìtọ́jú ní ilé náà. Àwọn kan ń wá láti àfonífojì odò Ouémé. Àwọn mìíràn ń ré kọjá ẹnubodè wá láti Nàìjíríà. Irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ tún wà ní Allada, ní Lalo àti ní Zagnanado.

Láyé àtijọ́, iṣẹ́ abẹ nìkan ni àwọn dókítà ní fún àrùn yìí. Wọn a gé gbogbo ibi tí egbò ti bàjẹ́ kúrò. Wọn a sì bu awọ láti ibòmíràn lára aláìsàn láti fi bo ojú egbò. Ní ọdún 2004, Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí a mọ̀ sí OMS, gbà wọ́n nímọ̀ràn láti máa lo oògùn méjì fún ọ̀sẹ̀ 8. Rifampicine ni èkíní, èyí tí a ń gbé mì. Streptomycine ni èkejì, èyí tí a ń gún ní abẹ́rẹ́.

Àwọn dókítà Pobè wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi hàn pé ọ̀nà yìí dára. Ní ọdún 2007, wọ́n tẹ ìròyìn jáde nípa aláìsàn 224 tí wọ́n fún ní oògùn náà. Àwọn 215 nínú wọn ni ìtọ́jú náà yọrí sí rere fún. Nínú àwọn 215 yìí, 102 ni kò nílò iṣẹ́ abẹ rárá. Lẹ́yìn náà, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Gánà àti Bẹ̀nẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 2020, fi hàn pé oògùn tí a ń gbé mì nìkan tó. Rifampicine àti clarithromycine ni oògùn méjèèjì náà. Báyìí ni abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ ṣe kúrò nílẹ̀. Ìtura ńlá ni, nítorí streptomycine lè ba etí aláìsàn jẹ́.

Ṣùgbọ́n ìwádìí mìíràn láti Pobè kan náà sọ ìyókù ọ̀rọ̀. Ọdún 2014 ni ó jáde. Ó dá lórí aláìsàn 1,227 tí wọ́n tọ́jú láàárín ọdún 2005 sí 2011. Bí ìdajì wọn ni kò ju ọmọ ọdún 12 lọ. Nígbà tí wọ́n tún àwọn aláìsàn wò ní ọdún kan lẹ́yìn ìtọ́jú, nínú ẹni 100, nǹkan bí 22 ni apá tàbí ẹsẹ̀ wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ohun tí ó ju ẹnì kan lọ nínú ẹni márùn-ún nìyẹn. Oògùn lè pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kò lè na orúnkún.

Ìdí tí oríkèé fi ń gan, àti ìdí tí ó fi ń yẹ̀

Nǹkan mẹ́ta ni ó ń ba oríkèé jẹ́ nígbà tí egbò bá wà nítòsí rẹ̀.

Èkíní ni àpá. Ẹni tí ó bá ti rí awọ ewúrẹ́ tutù tí wọ́n sá sóòrùn mọ̀ pé bí ó ti ń gbẹ ni ó ń súnkì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni awọ tuntun tí ń bo egbò. Ó ń fa etí egbò mọ́ra. Bí egbò bá wà ní ẹ̀yìn orúnkún, àpá náà yóò máa fa ẹsẹ̀ kákò. Bí ó bá wà níwájú ìgbọ̀nwọ́, yóò fa apá kákò. Àpá kì í sì í dẹ́kun ní ọjọ́ tí egbò bá dí. Ó lè máa súnkì fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èkejì ni bí aláìsàn ṣe ń jókòó àti bí ó ṣe ń sùn. Ẹni tí egbò ń dùn máa ń ká ẹsẹ̀ kò, nítorí ara ń tù ú bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ilé tí ó ń ṣàánú rẹ̀ yóò fi ìrọ̀rí sí abẹ́ orúnkún rẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n ìpalára ni. Bí ẹsẹ̀ bá wà ní kíká lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹran àti iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ yóò kúrú. Nígbà tí aláìsàn bá fẹ́ nà án, kò ní nà mọ́.

Ẹ̀kẹta ni àìlò. Ẹran itan ni ó ń di orúnkún mú kí ó má baà yẹ̀. Ẹ wo àtíbàbà tí a ta síwájú ilé nígbà ìnáwó. Okùn ni ó ń jẹ́ kí òpó rẹ̀ dúró. Bí okùn bá dẹ̀, òpó yóò máa mì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òpó náà kò ṣẹ́. Itan tí a kò lò fún oṣù méjì yóò tín-ín-rín. Orúnkún tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò ní dúró ṣinṣin mọ́. Aláìsàn yóò dìde, orúnkún yóò yẹ̀, ẹ̀rù yóò bà á, yóò sì tún jókòó. Bí ó bá ṣe ń jókòó pẹ́ tó ni itan yóò ṣe máa tín-ín-rín sí i.

Ẹsẹ̀ kan lè ní ìṣòro méjèèjì papọ̀. Kò nà tán, kò sì lè gbé ara dúró. Ti ọmọdé tún le jù, nítorí eegun rẹ̀ ń dàgbà, àpá kì í sì í bá eegun dàgbà. Ẹsẹ̀ tí ó kákò díẹ̀ ní ọmọ ọdún 7 lè kákò púpọ̀ ní ọmọ ọdún 12, bí a kò bá ṣọ́ ọ.

Iṣẹ́ kiné

Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mú oríkèé àti ẹran ara padà sí ìlò. Kinésithérapeute ni wọ́n ń pè wọ́n ní èdè Faransé. Kiné ni àwọn aláìsàn ń pè wọ́n ní kúkúrú. Wọn kì í ṣe awọ́nilára lásán. Wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ nípa eegun, iṣan àti ìrìn ènìyàn.

Ohun àkọ́kọ́ tí kiné ń ṣe ni wíwọ̀n. Ó ń wo ibi tí orúnkún lè nà dé àti ibi tí ó lè ká dé. Ó ń fi í wé ti ẹsẹ̀ kejì tí kò ní egbò. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò tún un wọ̀n, láti mọ̀ bóyá ìtọ́jú ń tẹ̀ síwájú.

Ohun kejì ni ipò tí ó yẹ kí apá tàbí ẹsẹ̀ wà nígbà ìsinmi. Bí egbò bá wà lẹ́yìn orúnkún, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní nínà. Bí ó bá wà níwájú ìgbọ̀nwọ́, apá gbọ́dọ̀ wà ní nínà. Àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró bí ìgbà tí ènìyàn dúró lórí ilẹ̀, kí ọmọ ìka má baà tẹ̀ sísàlẹ̀. Nígbà mìíràn, kiné yóò di pátákó tàbí ike mọ́ ẹsẹ̀ ní alẹ́, kí ó má baà kákò lójú oorun. Attelle ni wọ́n ń pè é.

Ohun kẹta ni ìṣísẹ̀. Kiné kì í dúró kí egbò jinná kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2006, OMS tẹ ìwé kan jáde fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lórí bí a ṣe lè dènà àbùkù ara nínú àrùn yìí. Ìmọ̀ràn ibẹ̀ ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí a bá ti mọ àrùn náà. Ìgbà kan ṣoṣo ni a ń dá oríkèé dúró, èyí ni ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá bu awọ bo egbò, kí awọ náà lè mọ́ ara. Dókítà ni yóò sọ ọjọ́ tí a ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ohun kẹrin ni agbára. Bí oríkèé bá ti ń ṣí, ẹran tí ó dì í mú gbọ́dọ̀ lágbára. Aláìsàn yóò kọ́ bí a ṣe ń fún itan pọ̀, bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀ sókè ní nínà, bí a ṣe ń dìde lórí àga láìfi ọwọ́ tì. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ́ ìrìn, pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ ní àkọ́kọ́, láìsí ọ̀pá nígbẹ̀yìn.

Ohun tí aláìsàn lè ṣe nílé

Kí aláìsàn tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, kí ó kọ́kọ́ bi kiné tàbí nọ́ọ̀sì léèrè, nítorí ara kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan wọ̀nyí wúlò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

1. Bí ẹsẹ̀ tàbí apá bá wú, ẹ gbé e ga ju àyà lọ nígbà tí ẹ bá dùbúlẹ̀. Gbogbo ẹsẹ̀ ni kí ẹ gbé sókè. Ẹ má fi ìrọ̀rí sí abẹ́ orúnkún nìkan.

2. Ẹ na oríkèé náà, kí ẹ sì ká a, ní ìgbà mélòó kan lójúmọ́. Ẹ ṣe é díẹ̀díẹ̀. Ẹ dúró ní ibi tí ó ti fà, ẹ kà dé mẹ́wàá, kí ẹ tó dá a padà. Ó sàn kí ẹ ṣe díẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún lóòjọ́ ju kí ẹ ṣe púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

3. Kí ó fà díẹ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá le, tàbí bí ó bá wà títí di ọjọ́ kejì, ẹ dín in kù. Kí ẹnikẹ́ni má fi ipá na ẹsẹ̀ aláìsàn. Ipá lè ya awọ tuntun.

4. Bí egbò bá ti jinná tán, ẹ máa fi òrí tàbí vaseline pa àpá náà lójoojúmọ́. Ẹ fi ìka rọra tẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa yí i ká. Èyí ń mú kí awọ rọ̀, kò sì ní tètè ya. Ẹ má fi òrí sí ojú egbò tí kò tíì jinná.

5. Ẹ sọ iṣẹ́ ilé di ìdárayá. Gbígbá ilẹ̀, fífún aṣọ, gbígbé nǹkan lé ibi gíga, gbogbo wọn ń ran oríkèé lọ́wọ́. Ọmọ tí egbò wà ní apá rẹ̀ lè máa ju bọ́ọ̀lù lu ògiri. Eré ni lójú rẹ̀, ìtọ́jú ni fún apá rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń já

Oògùn ń parí ní ọ̀sẹ̀ 8. Ìtọ́jú oríkèé lè gba oṣù 6, tàbí ọdún kan. Ibi tí iṣẹ́ ti ń já nìyí. Aláìsàn tí ó bá padà sí Sakété tàbí sí abúlé rẹ̀ yóò ronú pé gbogbo rẹ̀ ti parí, nítorí egbò ti dí. Oko ń dúró dè é. Owó ọkọ̀ láti Sakété dé Pobè kì í sì í wà nígbà gbogbo. Ìyá tí ó ti bá ọmọ rẹ̀ jókòó sí ilé ìtọ́jú fún oṣù méjì ní àwọn ọmọ mìíràn nílé, ó sì ní ọjà tí ó fi sílẹ̀.

Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ ìṣísẹ̀ kò fi gbọdọ̀ jẹ́ ti aláìsàn nìkan. Kí ẹnì kan nínú ẹbí kọ́ ọ pẹ̀lú rẹ̀ kí wọ́n tó kúrò ní ilé ìtọ́jú. Bàbá àgbà tí kì í lọ oko mọ́ lè máa ka iye ìgbà tí ọmọ ń na ẹsẹ̀. Olùkọ́ lè fi ọmọ náà jókòó ní ibi tí ó ti lè na ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárín ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó mọ̀wé lè fi ilà sí ara ìwé lójoojúmọ́ láti fi mọ iye ìgbà tí wọ́n ṣe é. Bí wọ́n bá sì rí i pé oríkèé ń padà sí kíkákò, kí wọ́n má dúró de ọjọ́ ìpàdé. Kí wọ́n tètè padà lọ bá kiné.

Kì í ṣe egbò Bùrúlì nìkan

Ẹ̀kọ́ yìí kan àwọn tí ó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ mìíràn. Ẹni tí ó ní àrùn ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde lè ní ìṣòro ní oríkèé ìbàdí, nítorí ẹ̀jẹ̀ kò dé orí eegun itan dáadáa. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú lè rí i pé èjìká rẹ̀ ń yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, nítorí ẹran tí ó dì í mú ti rọ. Àgbàlagbà tí làkúrègbé ń yọ lẹ́nu máa ń jókòó ṣáá, itan rẹ̀ yóò sì tín-ín-rín. Ìtọ́jú wọn kò rí bákan náà. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ kan ni wọ́n ní. Oríkèé tí a kò lò ń gan, ẹran tí a kò lò ń rọ. Ìlò tí a fi ọgbọ́n ṣe ni ó ń gbà wọ́n là.

Ẹni tí ó bá rí kókó tí kò dunni lára rẹ̀ tàbí lára ọmọ rẹ̀, kí ó lọ sí ilé ìlera tí ó sún mọ́ ọn jù. Kí ó má dúró kí ó bẹ́. Ẹni tí ó bá ń lọ sí oko nítòsí irà, kí ó wọ aṣọ tí ó bo apá àti ẹsẹ̀, kí ó sì fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ kékeré tí ó bá ní. Ẹni tí ó sì ti wà lórí ìtọ́jú, nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ń fún un ní oògùn, kí ó bi í ní ìbéèrè kan sí i: «Kí ni kí n máa fi oríkèé yìí ṣe nílé?» Kò gba owó láti bèèrè. Ìdáhùn rẹ̀ lè jẹ́ ohun tí yóò jẹ́ kí ó tún lè kúnlẹ̀, kí ó tún lè dọ̀bálẹ̀, kí ó sì tún lè gun ọ̀pẹ.